Ẹrù Tó Wọ Ọ̀gá Lọ́rùn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Lucky Orimisan Aiyedatiwa,
Ọ́fíìsì Gómìnà, Alágbàká, Àkúrẹ́.

Ọlọ́lá Jùlọ,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà láti Ìlàjẹ kì í wọ́n lórí tábìlì yín. Àwọn kan ń kọ̀wé nípa òkun tó ń gbé Ayétòrò mì, àwọn mìíràn nípa iná mànàmáná tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ wa kò fojú rí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, tàbí nípa epo rọ̀bì tó ń ba odò jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká kọ. Ọ̀ràn tí mo gbé wá lónìí kì í pariwo bíi tiwọn. Inú ọ́fíìsì ló ti ń ṣẹlẹ̀, inú kíláàsì, inú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, orí ọkọ̀ ojú omi, láàárín ọ̀gá àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wàhálà iṣẹ́ ń sọ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní etí omi wa di òǹrorò, ẹni tí wọ́n sì ń rorò mọ́ kò rí ibi sá sí.

Ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé ọmọ Obe-Nla ní Ìlàjẹ ni yín. Gómìnà tó bá ti òkè wá lè rò pé ẹjọ́ ìwà ènìyàn ni mò ń rò, kó ní kí n gbé e lọ bá pásítọ̀ tàbí ìmáàmù. Ẹ̀yin mọ ohun tó wà nínú kí ènìyàn jí ní ìdájí, kó dé jẹ́tì Igbókọ̀dá, kó máa dúró títí ọkọ̀ yóò fi kún, kí omi ti fà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ẹ́ńjìnnì wá kú sáàárín odò níbi tí fóònù kò ti mú. Ẹ mọ̀ pé ó ti rẹ ẹni tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kó tó mú bírò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá mi, irú rẹ̀ sì pọ̀. Nọ́ọ̀sì ni olórí ibẹ̀, obìnrin tó mọṣẹ́ dáadáa. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìwé pọ̀ ju àwọn tó ń fojú hàn lọ: ẹnì kan ti wá ẹsẹ̀ gba tránsífà lọ sí Àkúrẹ́, òmíràn ń gbé Òkìtìpupa, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọjú. Owó àpò ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà nínú fíríìjì má bàa bàjẹ́. Wọ́n ń pè é láti ọ́fíìsì káńsù ní Igbókọ̀dá pé ìròyìn oṣù dà. Àwọn ará ilé aláìsàn ń pè é ní olè nítorí oògùn tí kò sí ẹni tó kó o wá. Lóru ọjọ́ kan, obìnrin kan ń rọbí, ọmọ dábùú, kò sì sí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni nọ́ọ̀sì yìí ń sapá lórí rẹ̀, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é, ìyá yè, ọmọ yè.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ pẹ́ dé. Ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ni kò tètè gbéra. Nọ́ọ̀sì bú u lójú gbogbo aláìsàn, ó bú ìyá tó bí i, ó ní kó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi gun orí rẹ̀, ó sì búra pé òun á kọ̀wé kí wọ́n lé e dànù. Ẹ̀ṣẹ̀ ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ yẹn ṣẹ̀. Ìbínú oṣù mẹ́fà ni wọ́n dà lé e lórí. Kò fèsì. Owó tó ń gbà lóṣù ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tí òkun ti gba ilé lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fọhùn, ìwé ọ̀gá á dé Igbókọ̀dá kí òun tó délé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yẹn ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mìíràn lọ́nà tirẹ̀. Ní ilé-ìwé, kúèrì lórí kúèrì ni, fún tíṣà kan ṣoṣo tó ń kó kíláàsì mẹ́ta pọ̀ kọ́, nítorí pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, ẹ̀rù wọn sì ń ba hẹ́dímásítà. Ní báńkì, tágẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ní kí máníjà rí i pé iye owó báyìí wọlé láti ìlú tó jẹ́ pé ẹja ló ń gbé ọjà rẹ̀ ró. Bí owó náà kò bá pé, á kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá oníbàárà kiri jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á máa dójú tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí iṣẹ́ kọ́ńtíráàkì epo, gbólóhùn kan ni súpáfáísọ̀ máa ń sọ: "Bí o kò bá lè ṣe é, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wà ní jẹ́tì tó ń wá iṣẹ́." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n sọ ọ́ sí. Òótọ́ sì ni pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ kún jẹ́tì. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ egungun nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí gan-an gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìlàjẹ. Níbi iṣẹ́ ìjọba, mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọ̀gá máa halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ lókè pé, "A ó gbé ọ lọ sí etí omi." Ilé àwọn baba wa ni wọ́n sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ wá wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹni tí wọ́n fi ìyà gbé wá síbí, tó sì di olórí ibùdó iṣẹ́ nítorí pé òun ni ipò rẹ̀ ga jù níbẹ̀, inú ni yóò máa bí i láti ọjọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Oǹdó, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń ka iye ọjọ́ tó kù kó kúrò. Kò lè bínú sí ẹni tó kọ̀wé tránsífà rẹ̀. Ọmọ ìbílẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, tí kò rí ohun tó burú nínú ibi tí wọ́n bí i sí, òun ló wà nítòsí.

Àwọn onímọ̀ níbòmíràn ti yẹ irú ọ̀ràn báyìí wò. Ní 2000, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Bennett Tepper, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọ̀gá tó máa ń fi ọ̀rọ̀ àti ìṣe wọ́ ọmọ abẹ́ nílẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó wà lábẹ́ wọn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, pé ìdààmú wọn kì í dúró síbi iṣẹ́, ó ń bá wọn wọlé. Ó tún rí i pé ẹni tí kò lè tètè rí iṣẹ́ mìíràn ni ìyà yẹn máa ń wọ̀ lára jù. Ní Èkó, ẹni tí ọ̀gá ń fayé ni lára lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn lọ́jọ́ Ajé. Ní Awóyè, létí omi wa níbí, ibo ló fẹ́ gbà lọ?

Ní 2015, onímọ̀ mìíràn, Christopher Barnes, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà tẹ ìwádìí tiwọn jáde. Ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń bi àwọn ọ̀gá bí oorun wọn ṣe rí, tí wọ́n sì ń bi àwọn ọmọ abẹ́ bí ọ̀gá ṣe ṣe sí wọn. Ọjọ́ tí oorun ọ̀gá kò bá dára ni ìwà rẹ̀ máa ń le sí wọn, àwọn náà kì í sì í fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fojú kan oorun mọ́jú, kò sì sí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí méjì péré. Ọ̀gá tó wà lókè tún máa ń rò pé òun ni wàhálà ń pa. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Michael Marmot di gbajúmọ̀ lórí rẹ̀, fi hàn pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn másínjà àti irú wọn, ni àrùn ọkàn ń pa jù, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye tó ń pa lára àwọn tó wà lókè. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀ síwájú sí i, wọ́n rí i pé àìní ohùn nínú iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe wà lára ohun tó ń fà á.

Bẹ́ẹ̀ àwa Ìlàjẹ ti mọ ọ̀ràn yìí tipẹ́. Ẹ rántí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ìtàn Ayélála. Ọkùnrin kan ló ṣẹ̀, ó gba ìyàwó oníyàwó, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ijaw aládùúgbò wa. Nígbà tí wọ́n máa parí ìjà, kì í ṣe òun ni wọ́n pa. Ẹrú obìnrin kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ wa ti ń bẹ̀rù orúkọ obìnrin yẹn, Ayélála, tí ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ sì ń ké pè é. Ẹ̀sìn yòówù tí kálukú wa ń ṣe lónìí, ìtàn tiwa ni: ẹni tí kò lẹ́nu ló san gbèsè ẹni tó lẹ́nu.

N kò kọ̀wé yìí láti máa bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀gá tó ń fìyà jẹ ènìyàn. A lè torí wàhálà mọ ibi tí ìbínú ti wá, kò túmọ̀ sí pé ọ̀gá jàre. Ẹ sáà wò ó, ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ másínjà kì í jágbe mọ́ alága káńsù. Tó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ti gba ìkóra-ẹni-níjàánu lọ́wọ́ rẹ̀ tán lóòótọ́ ni, tọmọdé tàgbà ni ì bá máa jágbe mọ́. Ó mọ ẹni tó ń yàn. Àwọn ọ̀gá mìíràn sì wà tí ẹrù kan náà wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n á dìde kúrò nínú ọ́fíìsì, wọ́n á lọ dúró létí omi títí inú wọn fi rọ̀, kí wọ́n tó padà wá bá ọmọ abẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú àwọn méjèèjì. Lábẹ́ ti ìkẹyìn yìí, a máa ń dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àsìkò láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, n kò bá yín jà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń jágbe mọ́ ẹ̀yin náà láti òkè. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ẹni tó gbọ́ ohùn yín kẹ́yìn nígbà tí inú ń bí yín, kí ẹ sì bi ara yín bóyá onítọ̀hún ló ṣẹ̀ yín.

Ìjọba náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀bi yìí, Ọlọ́lá Jùlọ, kì í sì ṣe ìjọba tiyín nìkan. Ẹ rántí 2017. Nígbà tí olóògbé Rótìmí Akérédolú gorí àga gómìnà ní oṣù Kejì ọdún yẹn, gbèsè owó oṣù méje ni ó bá nílẹ̀. Ọ̀gá kò gba owó, ọmọ abẹ́ náà kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì ló lágbára láti kọ kúèrì. Irú àwọn oṣù bẹ́ẹ̀ máa ń gbin ìwà sínú ọ́fíìsì tí kì í tán lọ́jọ́ tí owó bá dé. Ẹ ti sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní ìpínlẹ̀ yìí di ₦73,000, ó sì ju ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 lọ. A dúpẹ́. Kí ẹ tún rò ó wò pé owó ọkọ̀ ojú omi ń jẹ nínú owó yẹn kó tó délé. Lọ́nà mìíràn, ọdún lẹ́nu iṣẹ́ àti ìdánwò ìgbéga ló ń sọ ènìyàn di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó fi ogún ọdún fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ ni a sọ di olórí òṣìṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ẹni tó jókòó tì í láti kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ẹni tó ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, tàbí bí a ṣe ń pín iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún ọwọ́ tó kéré jù.

Bí wàhálà náà bá ti òkè pátápátá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí ló máa ń gbà nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2022, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo rọ̀bì sí, Trinity Spirit, bú gbàmù, ó sì jóná ní ibùdó epo Ukpokiti, lójú òkun Delta tí kò jìnnà sí etíkun wa. Ọdún 1976 ni wọ́n kan ọkọ̀ yẹn. Ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó, SEPCOL, ti wọ gbèsè débi pé dúkìá rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ àbójútó ẹlòmíràn. Ènìyàn 10 ló wà nínú ọkọ̀ náà, mẹ́ta péré ni wọ́n rí gbà láàyè. Lára àwọn tó yọ nínú iná yẹn ni wọ́n sì tún mú sí àhámọ́. Gbèsè wà lórí tábìlì àwọn aláṣẹ ní ìlú ńlá. Orí irin tó ti dógùn-ún ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òfin kò sí. Abala 34 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí iyì, pé a kò gbọdọ̀ tàbùkù ẹnikẹ́ni. Òfin Iṣẹ́, ní abala 13, sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tó tó wákàtí kan láàárín rẹ̀, kó sì ní odindi ọjọ́ kan láti sinmi nínú ọjọ́ méje. Abala 18 fún un ní líìfù tí wọ́n ń sanwó fún lẹ́yìn oṣù 12. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà yọ àwọn tó wà nípò àbójútó àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò lára ẹni tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba fún wọn ní líìfù tiwọn lóòótọ́, àmọ́ líìfù tí kò sí ẹni tó máa dúró dè ọ́ kì í ṣe líìfù. Orí ìwé ló máa ń parí sí.

Ní 2010, òfin tí wọ́n ṣe lórí owó ìtọ́jú fún òṣìṣẹ́ tó farapa ti gbà pé ọkàn àti ọpọlọ náà lè farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2019, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva lábẹ́ Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, wọ́n fọwọ́ sí Àdéhùn 190 tó lòdì sí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́. Ìfòòró tó ń ba ọkàn ènìyàn jẹ́ wà nínú rẹ̀, bíbá ènìyàn ṣe ìṣekúṣe tipátipá wà nínú rẹ̀, ó sì pọn dandan fún agbanisíṣẹ́ láti wo ohun tó ń bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2022. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì wà ní Àkúrẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kó wọ ọkọ̀ dé Igbókọ̀dá, kó wọ mọ́tò dé Òkìtìpupa, kó tún wọ òmíràn dé Àkúrẹ́, kó wá lọ́yà, kó san owó rẹ̀, kó padà sí ibi iṣẹ́ níwájú ọ̀gá tó pè lẹ́jọ́. Kò ní lọ. Bí ó bá sì fẹ́ fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì káńsù, ọwọ́ ọ̀gá kan náà ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára ìjọba ìpínlẹ̀ lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi ni ìsinmi àwọn olórí ibùdó iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìjọba kó àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà àgbà díẹ̀ jọ sí Igbókọ̀dá, kí iṣẹ́ wọn má ju pé kí wọ́n máa yí ká láti Aràròmí dé Awóyè lọ, kí wọ́n máa dúró dípò olórí tó bá lọ sí líìfù tàbí tí ara rẹ̀ kò yá. Kí líìfù di dandan, kí olórí tí kò bá lọ máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n á ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n a ti ń san owó náà báyìí, lára òṣìṣẹ́ tó ń sá lọ, lára aláìsàn tó ń bá ilé ìwòsàn ní títì, lára ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà tí kò lè kà. OSOPADEC, àjọ tí ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2001 nítorí agbègbè tó ń mú epo jáde, lè pèsè ọkọ̀ àti epo fún àwọn tó ń yí ká yìí, kó má bàa jẹ́ àpò ara wọn ni wọ́n á ti máa wá a.

Kí tránsífà tí wọ́n ń fi jẹni níyà dópin. Ẹni tó bá ṣẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ níbi tó ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní etí omi, kó jẹ́ ẹni tó gbà láti wá, kí wọ́n fi ilé àti àjẹmọ́nú tó nítumọ̀ pàdé rẹ̀, kó sì mọ ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ yóò pé.

Ní ti àwọn ọmọ abẹ́, wọ́n nílò ẹni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, tí kò sí lábẹ́ káńsù, tí kò sì sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá wọn ń jábọ̀ fún. Kí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Igbókọ̀dá, kí obìnrin wà níbẹ̀, nítorí ohun kan wà tí ọmọbìnrin kò lè jókòó sọ fún ọkùnrin. Kí wọ́n máa wọ ọkọ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n wà. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọ̀gá pẹ̀lú, torí ọmọ abẹ́ náà lè parọ́, ọ̀gá tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn sì lè jẹ́ ẹni tó nílò ìrànwọ́ jù lọ nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n kí ó hàn gbangba pé ẹnikẹ́ni tó bá fi tránsífà tàbí kúèrì gbẹ̀san lára ẹni tó fẹjọ́ sùn yóò jíhìn. Àwọn kọ́ńtíráàtọ̀ tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ OSOPADEC àti ìjọba, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ọ́fíìsì yìí lè dé ibi iṣẹ́ wọn nígbàkígbà.

Ìwé kan láti ọ́fíìsì yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba kọ̀wé sí gbogbo ibùdó iṣẹ́ ìjọba tó wà létí omi Ìlàjẹ, kó béèrè ìgbà tí olórí ibẹ̀ lọ sí líìfù kẹ́yìn, iye òṣìṣẹ́ tó ń wá síbi iṣẹ́ lóòótọ́, àti iye kúèrì tó ti jáde láàárín ọdún kan, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Kí ọ̀gá dáhùn tirẹ̀. Kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà dáhùn tiwọn nínú àpòòwé tí ọ̀gá kò ní ṣí, kí ọkọ̀ ìjọba sì lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni yín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan, Igbókọ̀dá.